Fáyàwọ̀ọ̀lù Kì í Ṣe Fàyàwọ́: Oníbodè Tó Ń Ṣọ́ Owó Wa Nínú Kọ̀ǹpútà

  

Láti Òkìtìpupa dé Ilutitun, láti Igbotako dé Ode-Aye, Ikoya, Erinje àti Ode-Irele, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wa ń rò. Oníbàárà ti ra gàrí, ó ti ra pupuru, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo sórí ọ̀kadà, ó wá ní ká mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Ó tẹ fóònù rẹ̀ títí, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. A wo fóònù tiwa, a ò rí álààtì kankan. Òun ń kánjú, àwa náà ò sì lè ní kó máa gbé ọjà lọ. Bí a bá béèrè ohun tó dé, èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ayé: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí ọ̀wọ́n owó náírà bá wa lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ owó, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára bí ẹ̀wù. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ lè ní òun ò gba tíráńsífà. Lónìí, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ á kàn máa wo oníbàárà rẹ̀ bó ṣe ń yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn ni. Torí náà ó yẹ ká mọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nídìí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí. Apá kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, òun la fẹ́ ṣàlàyé. Fáyàwọ̀ọ̀lù ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé fàyàwọ́. Àwọn onífàyàwọ́ ló ń gbé ẹrù gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá bodè. Fáyàwọ̀ọ̀lù ni ohun tó ń lé irú wọn padà.

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ti yá a. Ògiri tó nípọn ni wọ́n máa ń mọ sáàárín ilé méjì, tàbí sáàárín ọ̀wọ́ ìsọ̀ kan àti èkejì, kí iná tó bá mú ọ̀kan má baà ráyè fò sí èkejì. Àwa ọlọ́jà ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló di eérú. Ibi tí ìsọ̀ bá ti fẹnu kora, tí kò sí ògiri gidi láàárín wọn, ọjà ẹni tí kò dá iná náà á bá a lọ.

Ti kọ̀ǹpútà yìí náà, ògiri ni, àmọ́ ògiri tó ní ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú àṣà wa ni oníbodè. Láyé àwọn baba wa, ìlú ńlá a máa ní odi yí ká, odi a sì máa ní ẹnu ibodè. Oníbodè ló ń jókòó síbẹ̀. A bi àlejò pé, "Níbo lẹ ti ń bọ̀? Ta lẹ̀ ń wá? Kí lẹ gbé?" Bí ọ̀rọ̀ àlejò bá ṣe déédéé, ó wọlé. Bí kò bá ṣe déédéé, ó gba ibi tó ti wá lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáyàwọ̀ọ̀lù ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rìn lódidi. Ńṣe ni wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí a bá rọ epo àgbá kan sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní àkọlé lára: ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti ilẹ̀kùn tó fẹ́ gbà wọlé. Fáyàwọ̀ọ̀lù á ka àkọlé yìí, á fi wé òfin tí onílé kọ fún un, á wá pinnu bóyá kó wọlé tàbí kó padà. Ó tún máa ń rántí ẹni tó jáde. Bí kọ̀ǹpútà inú ilé bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ báńkì, ó mọ̀ pé èsì ń bọ̀, á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè, á dá a padà.

Àwọn fáyàwọ̀ọ̀lù àtijọ́ ò ṣe ju kí wọ́n ka àkọlé lọ. Àwọn ti òde òní tún máa ń tú kẹ́ẹ̀gì wò, bóyá wọ́n gbé májèlé pamọ́ sábẹ́ epo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìyára àti ààbò ti ń bára wọn fà á.

TA NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN?

Kì í ṣe gbogbo wa ló máa ra irinṣẹ́ yìí. Ẹni tó ní fóònù kan àti POS kan, SIM inú wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti báńkì ni láti ṣọ́ ọ̀nà yẹn. Ibi tí kọ̀ǹpútà mélòó kan bá ti ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kan lò ni ọ̀rọ̀ ti kàn gan-an: báńkì, ọ́fíìsì àjọ alájẹṣẹ́kù, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé oògùn.

Ó kàn wá, torí owó wa àti orúkọ wa ló wà níbẹ̀. Bí àjọ alájẹṣẹ́kù bá kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí kálukú dá àti gbèsè tí kálukú jẹ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n wá pe ìpàdé pé ká fọwọ́ sí owó irinṣẹ́, kí la máa béèrè ká tó nawọ́ sókè? Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á kàn ní, "Ẹ ra èyí tó pọ̀ jù lọ́jà." Ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti bẹ̀rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni pàápàá sọ pé ẹni tó bá kó ìsọfúnni ènìyàn pamọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ọ̀NÀ FẸ̀, ẸNU BODÈ HÁ

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ọjà ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀nà tó wá láti Ore ìbáà fẹ̀ tó kí mọ́tò mẹ́wàá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bó bá jẹ́ géètì kan ṣoṣo ló wọ ọjà, tó sì jẹ́ bàbá arúgbó kan ló ń yẹ ẹrù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà á gùn dé títì. Ẹ tún ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, ìlà ò ní kúrú. Ẹnu bodè lẹ máa tún ṣe.

Mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ya wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Ọ̀pọ̀ fáyàwọ̀ọ̀lù àtijọ́ ni ojú ihò wáyà rẹ̀ ò gbà ju 100 mẹ́gábíìtì lọ. Àwọn tuntun ń gba 1,000. Bí ẹ bá ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì 200, tí ẹ wá kì í bọ irinṣẹ́ tó mọ sí 100, ìdajì ohun tí ẹ rà ni ẹ ò ní rí lò lóṣooṣù. Ẹ óò máa bú ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bi wà.

Ohun kejì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ wo fáyàwọ̀ọ̀lù kékeré kan tó gbajúmọ̀, FortiGate 40F, tí ilé iṣẹ́ Fortinet ti Amẹ́ríkà ṣe. Ìwé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé bó bá ń ka àkọlé nìkan, ó lè gba 5,000 mẹ́gábíìtì kọjá. Ìwé kan náà sọ pé bó bá ń tú ẹrù wò dáadáa láti wá kòkòrò àti olè, 600 ni. Irinṣẹ́ kan náà ni o! Kò sí irọ́ níbẹ̀, torí pé iṣẹ́ wà nínú yíyẹ ẹrù wò. Àmọ́ olùtajà tó ń wá kí ọjà rẹ̀ yá, nọ́ńbà ńlá ni yóò fi hàn yín. Ẹ̀yin náà ń tajà, ẹ mọ ọgbọ́n ọ̀hún. Nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ béèrè.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ọpọlọ tó wà nínú irinṣẹ́ náà ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, pàápàá ti báńkì, ni wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì pa kó tó gbéra nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lọ má baà kà á. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì kan bá fẹ́ kí fáyàwọ̀ọ̀lù rẹ̀ ṣí àpótí tí wọ́n tì, kó wo inú rẹ̀, kó tún tì í padà, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Àwọn tó wọ́n nínú wọn ní ẹ̀rọ àkànṣe nínú, tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí nìkan. Èyí tí ọpọlọ rẹ̀ kéré á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Bí ìlà bá ti gùn, òṣìṣẹ́ á pariwo, oníbàárà á bínú, ọ̀gá á pe ọmọ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà pé, "Wá nǹkan ṣe sí i." Ohun tó rọrùn jù fún ọmọ náà ni kó pa àyẹ̀wò. Lójú ẹsẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á yá, gbogbo ènìyàn á máa dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé oníbodè ti lọ sùn. Ẹni tó bá ra irinṣẹ́ tó kéré ju ọ̀nà rẹ̀ lọ ti fi ara rẹ̀ sí àárín méjì: kó máa lọ́ra, tàbí kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ BANGLADESH

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn là ń sọ, kó gbọ́ èyí. Bangladesh jẹ́ orílẹ̀-èdè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íńdíà. Báńkì àpapọ̀ wọn, irú CBN tiwa, ní owó nípamọ́ lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní New York. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè tó ti wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì náà kọ ìwé ìsanwó 35 ránṣẹ́ sí New York, bí ẹni pé báńkì ló kọ ọ́. Owó tí wọ́n béèrè jẹ́ nǹkan bíi 951 mílíọ̀nù dọ́là. Márùn-ún nínú ìwé náà kọjá, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 101 mílíọ̀nù. Èyí tó lọ sí Sri Lanka, 20 mílíọ̀nù, padà wá, torí pé àwọn olè náà ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì sì fura. 81 mílíọ̀nù yòókù gba orílẹ̀-èdè Philippines lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n rí gbà padà.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn oníròyìn pé báńkì náà ò ní fáyàwọ̀ọ̀lù, àti pé irinṣẹ́ àlòkù tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10 péré ni wọ́n fi so àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sanwó káàkiri ayé pọ̀. Ó ní irinṣẹ́ tó sàn ju ìyẹn lọ ìbá jẹ́ kí wọ́n lè fi ògiri ya kọ̀ǹpútà ìsanwó sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Báńkì odidi orílẹ̀-èdè kan ń ṣọ́ owó lórí dọ́là 10, mílíọ̀nù dọ́là sì bá a lọ! Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

ONÍBODÈ TÍ KÒ GBỌ́ ÌRÒYÌN

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ògiri fi ń lanu. Lójoojúmọ́ ni àwọn olè ń wá ọgbọ́n tuntun. Ilé iṣẹ́ tó ṣe irinṣẹ́ á máa fi àtúnṣe ránṣẹ́, kí oníbodè lè dá ojú olè tuntun mọ̀. Bí a ò bá gba àtúnṣe, olè àná nìkan ni oníbodè wa á máa lé.

Ilé iṣẹ́ MikroTik wà ní orílẹ̀-èdè Latvia, ní Yúróòpù. Ní ọdún 2018, wọ́n rí àlàfo kan nínú irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹrin, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé ò gbà á. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ọwọ́ àwọn olè ti tẹ irinṣẹ́ tó ju 200,000 lọ, Brazil ló sì kọ́kọ́ pọ̀ sí jù. Wọ́n ń fi agbára kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì sápò ara wọn, tí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ín ń lọ́ra bí ìgbín. Ẹ rí i pé irinṣẹ́ náà ò burú. Ìtọ́jú ni kò sí.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀ ṣeé gùn, a lè rí páàtì rẹ̀ rà. Fáyàwọ̀ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti dẹ́kun àtúnṣe, bó ti wù kó máa dán, ó ti di oníbodè tó fọ́jú. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé a máa san owó ọdọọdún lórí wọn, bí owó ìsọ̀. Bí owó ọdún ò bá wọlé, ìròyìn olè tuntun ò ní wọlé mọ́.

OHUN TÍ A MÁA BÉÈRÈ KÁ TÓ SANWÓ

Bí ìpàdé bá pé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́, mélòó ni íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń sanwó fún, mélòó sì ni irinṣẹ́ yìí lè gbà kọjá nígbà tí gbogbo àyẹ̀wò bá wà ní títàn? Èkejì gbọ́dọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó tún ṣẹ́ kù díẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Èkejì, ènìyàn mélòó ló máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ́fíìsì kékeré tó ní kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kò pọ̀, fáyàwọ̀ọ̀lù tó wà nínú rúútà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lè tó, bí wọ́n bá ń gba àtúnṣe, tí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà. A ò ní torí ẹfọn yọ idà.

Ẹ̀kẹta, títí di ọdún wo ni ilé iṣẹ́ á fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́? Èló ni owó ọdọọdún?

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó lè ya ọ̀nà sọ́tọ̀? Wi-Fi tí oníbàárà ń lò ò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí owó àjọ wà. Ẹ̀kọ́ Bangladesh nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, báwo ló ṣe ń jẹ iná? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú wa ní gúúsù Oǹdó fi wà láìsí iná ọba, a sì mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà. Fáyàwọ̀ọ̀lù kékeré tí kò ní fáànù kì í jẹ iná púpọ̀, sọ́láà kékeré lè gbé e, eruku ò sì tètè bà á jẹ́. Fáyàwọ̀ọ̀lù ọ̀fẹ́ tún wà, bíi pfSense, tí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n lè fi sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà odidi máa ń jẹ iná jù, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Bí a bá ra oníbodè tí a ò yan ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, owó la sọ nù. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé ìpàdé, kó sì máa jábọ̀ fún ẹgbẹ́.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

A ò ní tan ara wa. Kì í ṣe gbogbo "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni" ló jẹ́ ẹ̀bi fáyàwọ̀ọ̀lù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù àti ti báńkì sì dàrú ní Nàìjíríà. Ọ̀nà ló já lọ́jọ́ náà, oníbodè ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bákan náà, oníbodè kì í mú ẹni tí onílé fúnra rẹ̀ mú wọlé. Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ Bangladesh fi hàn pé àwọn olè kọ lẹ́tà ẹ̀tàn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà. Tiwa náà ò yàtọ̀. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé báńkì ni òun, kí ẹ ka PIN tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni. Kò sí fáyàwọ̀ọ̀lù ayé yìí tó lè gba PIN padà lẹ́nu ẹni tó ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni álààtì tí ẹ ò bá rí owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yín, ẹ má gbé ọjà fún un.

Owó tí a fi òógùn kó jọ lẹ́nu gàrí àti epo pupa ló ń gba inú wáyà kọjá báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ká sì béèrè bóyá oníbodè náà tó ọ̀nà tí wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọjà á tà, èrè á wọlé, olè ò ní ko ọ̀nà wa o. Àṣẹ.